Bí Máṣíìnì Tó Ti Dàgbà Ṣe Lè Máa Gbé Yín Dé Oko

 

Ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kòkó àti ẹran ọ̀sìn la sábà máa ń bá yín sọ lórí ewé yìí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí oko. Alùpùpù, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní máṣíìnì, ti di irinṣẹ́ àgbẹ̀ bí ọkọ́ àti àdá. Òun ló ń gbé yín dé oko tí mọ́tò ò lè dé. Òun ló ń kó irúgbìn àti ajílẹ̀ lọ, òun náà ló ń kó èrè oko bọ̀ wá sójú títì. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá fà tu lónìí, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń dúdú nínú, ẹlẹ́gàrí ò sì ní san owó gidi lé e mọ́. Tòmátò ò tiẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí máṣíìnì bá kú sínú igbó lọ́jọ́ ìkórè, owó mẹkáníìkì ni ẹ ó kọ́kọ́ rò, àmọ́ owó oko gan-an ló ń jò lọ. Ká má tíì sọ ti aláboyún tó ń rọbí lóru ní abúlé tí kò sí ọkọ̀ mìíràn.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu á tà á, á fi owó kún un, á ra òmíràn. Ìyẹn ti nira báyìí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún kan náà, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ló gbówó lórí. Máṣíìnì tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké. Èyí tó wà nílẹ̀ la ó tọ́jú.

Ó sì ṣeé tọ́jú. Honda CG125 tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1976, ẹ́ńjìnì rẹ̀ rọrùn débi pé mẹkáníìkì abúlé lè tú u, kó sì tò ó padà pẹ̀lú sípánà díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ti ṣe irú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Suzuki AX100 àti Jincheng tó jọ ọ́ kò ṣòro tú, bẹ́ẹ̀ náà ni Bajaj Boxer tó ti Íńdíà wá. A ti rí máṣíìnì tó ju ọmọ tó ń gùn ún lọ lọ́jọ́ orí, tó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Eruku, ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ àti ẹrù àpọ̀jù ló ń pa wọ́n ní kékeré.

Ẹ mọ iye tó ti rìn

Lórí máṣíìnì tó ti pẹ́, aago tó ń ka kílómítà sábà máa ń ti kú. Wáyà rẹ̀ ti já, tàbí kí ẹni tó tà á fún yín ti yí i padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Epo tẹ́ ẹ̀ ń rà ni kẹ́ ẹ fi ka ìrìn rẹ̀. Máṣíìnì àgbàlagbà tó ń gbé ẹrù lójú ọ̀nà oko, ẹ lè fojú bù ú pé lítà epo kan á gbé e rin kílómítà 35. Lítà 40 á gbé e rin nǹkan bí kílómítà 1,400 nìyẹn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra epo, ẹ kọ iye lítà tẹ́ ẹ rà síbẹ̀. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti pé 40, ọ́ìlì tó pààrọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè máa fi ẹfun fa ìlà sára ògiri, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ìkórè. Ìwé yìí á tún ta yín lólobó. Tí ọ̀nà oko kan náà bá ń mu epo ju ti oṣù tó kọjá lọ, ara máṣíìnì kò yá: ó lè jẹ́ fíítà ló dí, ó lè jẹ́ bíréèkì ló ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ẹ fara balẹ̀ níbí

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ ní. Oríṣi méjì ló wà, ìtọ́jú wọn ò sì dọ́gba. Four-stroke, bíi Honda CG125 àti Boxer, ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ikùn ẹ́ńjìnì, nǹkan bíi lítà kan. Two-stroke, bíi Suzuki AX100 àti Jincheng AX100, ó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ó ń sun ún pọ̀, ó sì tún ní ọ́ìlì gíà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí four-stroke. Ọ́ìlì kan náà yìí ló ń tutù ẹ́ńjìnì, òun ló ń ṣiṣẹ́ fún gíà, inú rẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta fún lítà kan péré! Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ pẹ́ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé máṣíìnì gbóná díẹ̀ kí ẹ tó tú ọ́ìlì àtijọ́ dà, nítorí tó bá gbóná ni ìdọ̀tí máa ń bá a jáde. Púpọ̀ nínú irú Honda yìí ní asẹ́ onírin kékeré kan nísàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rún irin tó ń dán nínú rẹ̀, nǹkan kan ń jẹ nínú ẹ́ńjìnì, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ má ra ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fúyẹ́, kó sì dín epo kù. Ó lè dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń mú kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì yọ̀: ẹ́ńjìnì á máa pariwo, máṣíìnì ò ní sáré, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sára agolo rẹ̀. Ohun tí ìkọ̀wé yẹn ń sọ ni pé ọ́ìlì náà bá kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ oko, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kó dúró sánsán lórí ìdúró àárín, ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe orí ẹsẹ̀ kan tó dẹ̀gbẹ́. Lórí Honda, ẹ nu ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ tì í wọlé láìyí i dì, ẹ fà á jáde, ẹ wò ó. Máṣíìnì tó ti pẹ́ máa ń mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kò sí àṣírí nínú ìyẹn. Ẹni tó ń bù kún un lásìkò á máa lò ó lọ. Ẹni tó dúró de ọjọ́ pípààrọ̀ lè bá ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì. Tí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, kabúrétọ̀ ló ń jò sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ máa ti ẹnu epo pa nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún kabúrétọ̀ náà ṣe, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀hún lójú ẹsẹ̀ nítorí kò lágbára mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo two-stroke, ilé ọ́ìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ẹ̀mí máṣíìnì yín. Tó bá gbẹ, bí epo bá tiẹ̀ kún táǹkì, písítìn á há mọ́ bulọ́ọ̀kù láàárín ìrìn. Nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì yẹn ti bàjẹ́, mẹkáníìkì sì ti yọ ọ́ kúrò, ó ní kẹ́ ẹ máa po ọ́ìlì mọ́ epo fúnra yín. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fojú bù ú. Ẹ ra síríńjì tí wọ́n fi ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́, èyí tó gba 20 ml, kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ẹ fa ọ́ìlì two-stroke lẹ́ẹ̀mejì sí lítà epo kan. Ìyẹn jẹ́ 40 ml, ìlọ́po 25 ni epo fi ju ọ́ìlì lọ. Ó tó fún ẹ́ńjìnì tó ti dàgbà tó ń gbé ẹrù. Ẹ pò ó nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ tó dà á sí táǹkì. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì mọ́tò sí i nítorí ó dínwó. Ìdọ̀tí dúdú nìyẹn máa ń kó jọ sí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì àti inú sáléńsà. Tí two-stroke ò bá lágbára mọ́, tí gbogbo nǹkan mìíràn sì dára, ẹ ní kí wọ́n yọ irin inú sáléńsà, kí wọ́n ha èédú rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn, ohun tó ń fún un lọ́rùn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ́ìlì tẹ́ ẹ tú dà, ẹ má dà á sódò tàbí sítòsí kànga o. Omi tẹ́ ẹ fi ń se gàrí náà nìyẹn.

Eruku ọyẹ́

Nínú gbogbo ohun tó ń sọ máṣíìnì oko di arúgbó kíákíá, eruku la kà sí àgbà wọn. Ẹrúpẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá wọ inú ẹ́ńjìnì, bí ìyanrìn lórí ọlọ ló ṣe máa lọ ríǹgì àti bulọ́ọ̀kù. Fíítà afẹ́fẹ́ ló ń dáàbò bò wọ́n, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ dànù, tí wọ́n á ní máṣíìnì á lè mí dáadáa. Lóòótọ́ ó lè sáré sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ múra owó bulọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣan án, kó gbẹ pátápátá níbòòji. Lẹ́yìn náà ẹ ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i lára, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ, yóò ya. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń jẹ fóòmù, iná sì lè ṣẹ́. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti dúdú jù. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Láti oṣù Kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ títí di oṣù Kejì, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tún fọwọ́ wo rọ́bà tó so ilé fíítà mọ́ kabúrétọ̀: lára máṣíìnì àgbà, ó máa ń gbẹ kó sì sán. Bó bá ti sán, afẹ́fẹ́ eléruku á gba ibẹ̀ wọlé, bí fíítà bá tiẹ̀ mọ́ bí ẹyin.

Epo tó dọ̀tí náà ń pààyàn láàánú. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ rà lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi nínú, táǹkì àgbà náà sì máa ń ní ìpata. Ẹ fi asẹ́ kékeré sójú ọ̀nà epo. Tí máṣíìnì bá ń kú lójijì tó sì tún ń jí, ẹ tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ẹ jẹ́ kí epo inú rẹ̀ ṣàn sínú ìgò funfun. Tí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tó rọ̀ sísàlẹ̀.

Ohun tí pọ́lọ́ọ̀gì àti èéfín ń sọ

Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí máṣíìnì bá ti rin ìrìn gidi, kó tutù díẹ̀ ná. Tí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ara rẹ̀ le. Tó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wo fíítà kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Tó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì lára four-stroke, ọ́ìlì ti ń gba ibi ríǹgì tàbí fáàfù wọlé. Tó bá funfun tó sì dà bí ohun tó jóná, ẹ́ńjìnì ń gbóná jù: afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ, tàbí epo kò tó. Ìyẹn ló léwu jù nínú gbogbo wọn, ẹ má gbé ẹrù títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Àlàfo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì CG125 jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n lè fi ẹ̀yìn ewé ayùn irin wọ̀n ọ́n, ibi tí kò ní eyín. Ó sún mọ́ 0.65 mm.

Èéfín dúdú, epo pọ̀ jù. Èéfín tó fẹ́ dà bí aró lẹ́yìn four-stroke, ó ń sun ọ́ìlì. Èéfín díẹ̀ lẹ́yìn two-stroke kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n tó bá nípọn tó funfun, tí ọ́ìlì gíà sì ń dín kù láìjò sílẹ̀, rọ́bà tó dí ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì ti gbó, ó ń fa ọ́ìlì gíà mu.

Ọ̀rọ̀ fáàfù wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní four-stroke. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì dín ariwo orí rẹ̀ kù, òun náà á bá wọn fún fáàfù. Àṣìṣe ni. Fáàfù tó fún jù kò ní lè dì dáadáa, iná á máa gba àlàfo yẹn kọjá, á sì jó o jẹ. Èyí tó ń dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ díẹ̀ sàn jù ú lọ. Lórí CG125, 0.08 mm ni àlàfo rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ìyẹn láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ní iye tiwọn nínú ìwé wọn. Àlàfo yẹn kéré gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú òun ti mọ̀ ọ́n. Ohun ìwọ̀n rẹ̀ kò wọ́n, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lè dáwó ra ẹyọ kan.

Ṣéènì

Ṣéènì tó le jù burú ju èyí tó dẹ̀ jù lọ. Ó ń fa béárìnì gíà, tí ìyẹn bá sì bàjẹ́, ẹ ó la ẹ́ńjìnì sí méjì. Tẹ́ ẹ bá fi ìka gbé àárín ṣéènì sókè sódò, kó máa rìn tó 20 sí 30 mm, bí ìbú ìka kan àti ààbọ̀. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n níbi púpọ̀, nítorí ṣéènì tó ti gbó máa ń le níbì kan, kó dẹ̀ níbòmíràn. Ibi tó le jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ fi ń fà á lápá ọ̀tún àti lápá òsì gbọ́dọ̀ dúró sójú àmì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ ta ọ́ìlì gíà sí i nírọ̀lẹ́, kó lè rin wọlé kílẹ̀ tó mọ́. Kí ẹ́ńjìnì kú pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìka tí ṣéènì gé kì í padà.

Tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti mú, tó sì tẹ̀ bí èékánná àṣá, ẹ má pààrọ̀ ṣéènì nìkan. Kí ẹ pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí eyín àtijọ́ á ba ṣéènì tuntun jẹ́ láìpẹ́. Ìdè tó so ṣéènì pọ̀ náà, ojú tó dí ni kó kọ sí ibi tí ṣéènì ń lọ, ojú tó là ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fi í sódì, igi tàbí ẹrẹ̀ á tú u lọ́jọ́ kan.

Bíréèkì àti táyà

Bí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Bí bíréèkì bá kọ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé àpò méjì sẹ́yìn, lórí ìsọ̀kalẹ̀, a kò mọ ibi tẹ́ ẹ ó sùn. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé tí owó bá kéré, bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ọ̀pọ̀ bíréèkì ìlù ní àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì tí ọfà rẹ̀ sì dé ojú àmì náà, bàtà inú rẹ̀ ti tán, kò sí fífà tó lè gbà á mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Eruku yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọ́ìlì tàbí gírísì kò gbọ́dọ̀ kan bàtà náà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá la odò kékeré kọjá, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, kó lè gbẹ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, ẹ fi sí gíà kékeré, kí ẹ́ńjìnì bá yín di máṣíìnì mú. Pípa ẹ́ńjìnì lórí ìsọ̀kalẹ̀ nítorí owó epo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń ra táyà tókunbọ̀, kó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lára táyà náà. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí òdòdó rẹ̀ bá tiẹ̀ ga, táyà tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ iwájú, nǹkan bí 25. Ẹ̀yìn, 28, kó gòkè sí 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ tí ẹrù bá wà, kó má sáà kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà. Ẹ fi sípánà kékeré máa kan súpókù lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó le á dún bí agogo, èyí tó dẹ̀ á dún bí igi.

Ajílẹ̀ òyìnbó ń jẹ irin

Èyí jẹ́ ti àwa àgbẹ̀ gan-an, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ ra máṣíìnì. Yúríà àti NPK ń ṣe irin bí iyọ̀ ṣe ń ṣe é. Wọ́n ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ibi tí wọ́n bá dà sí, ìpata bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: súpókù, ṣéènì, irin ìjókòó ẹrù, àti ẹnu wáyà iná pẹ̀lú. Ìgbẹ́ adìyẹ náà kò gbẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn tẹ́ abẹ́ àpò. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ máṣíìnì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹ má darí omi sí ẹnu fíítà, kabúrétọ̀ tàbí sáléńsà. Ẹ má fi máṣíìnì àti àpò ajílẹ̀ sùn sí yàrá kan náà. Oògùn igbó, inú agolo tó dé pinpin ni kó wà, lọ́tọ̀ sí oúnjẹ àti ọmọ. Táǹkì ìfọ́nká tó gba lítà 16, òfìfo ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ pò ó lóko.

Bẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ fojú wá ibi tí irin ti sán, pàápàá ibi tí wọ́n jó irin ẹrù pọ̀ mọ́ ara máṣíìnì àti ibi tí ìdúró àárín ti so mọ́ ọn. Ìlà ìpata tóóró kan tó ń padà wá lẹ́yìn gbogbo fífọ̀, sísán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí wẹ́dà tó jó o, ẹ tú ẹnu bátìrì, kẹ́ ẹ sì gbé táǹkì epo kúrò. Táǹkì tó ń jò fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn án, bó tiẹ̀ ní òun ti tú epo rẹ̀ dà. Afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú rẹ̀ tó láti bú gbàù. Ọ̀rọ̀ bátìrì kúrú: omi bátìrì ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.

Ṣé kí a ṣí i ni, àbí kí a tà á?

Nígbà tí kíìkì bá ń wọlẹ̀ wọ́rọ́wọ́ láìdi ẹsẹ̀ yín, agbára ìfúnpọ̀ ti lọ. Kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnì four-stroke yín, ẹ ṣe ìdánwò kan tí kò náni ní nǹkan kan. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ihò rẹ̀, ẹ fi kíìkì yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ẹ dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tí kíìkì bá wá le sí i, ríǹgì tàbí bulọ́ọ̀kù ló ti jẹ. Tí kò bá yí padà, fáàfù ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹni tó bá mọ èyí, mẹkáníìkì ò ní ta ohun tí kò nílò fún un.

Tó bá jẹ́ bulọ́ọ̀kù, wọ́n lè gbẹ́ ẹ fẹ̀, kí wọ́n fi písítìn tó tóbi sí i síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 mm, ìyẹn ni pé bulọ́ọ̀kù kan ṣì ní ọjọ́ iwájú lẹ́yìn gbígbẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ ra písítìn, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, kó wọ̀n wọ́n pọ̀. Ọjà Nkwọ́ ní Nnewi ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà máṣíìnì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá, ojúlówó àti ayédèrú jọ ń bọ̀ ni. Ẹ máa mú ti àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi wé e, ẹ gbé méjèèjì lé ọwọ́. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́, etí rẹ̀ á sì rí ṣákaṣàka.

Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, fún lítà epo 15 àkọ́kọ́, tó jẹ́ nǹkan bí kílómítà 500, ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ má yí ọwọ́ epo dé òpin, ẹ má sì sáré ní ìwọ̀n kan náà fún ìgbà pípẹ́. Tó bá jẹ́ four-stroke, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tí lítà 15 yìí bá pé. Nítorí náà, tó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù lọ́sẹ̀ tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Àkókò tó dára ni lẹ́yìn ìtakù, nígbà tí ẹrù kò pọ̀.

Ìgbà kan wà tí a máa ní kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí ariwo gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ bá ń ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì wá, tí gíà ń fò jáde fúnra rẹ̀, tí irin ara rẹ̀ sì ti sán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ ṣírò owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ ẹ tó san ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tí irin ara rẹ̀ bá ṣì gún, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ẹ̀yìn wa ni ẹ wà tẹ́ ẹ bá yàn láti tún ẹ́ńjìnì ṣe.

Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ìjókòó

Pọ́lọ́ọ̀gì kan tó dára, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, ìdè ṣéènì kan, ìlẹ̀mọ́ tíúùbù àti pọ́ǹpù ọwọ́, sípánà 10, 12, 14 àti 17 pẹ̀lú èyí tó bá nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn mu, púláyà, wáyà ìdè díẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì. Tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì bá ń fún yín níṣòro léraléra, ẹ so tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ láti orí dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà dì í. Lọ́jọ́ tí ti àtijọ́ bá já lóko, ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti pààrọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé pọ́lọ́ọ̀gì náà dáadáa, kí ìrì àti òjò má bàa kàn án.